Ṣé wẹ́rẹ́ ni ẹni tó bá já bọ́ ní Máàsì máa balẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ káàsán o, ọ̀gá. Aláró ni mí ní Òṣogbo níbí, iṣẹ́ àdìrẹ ni mo fi tọ́ àwọn ọmọ mi. Àbíkẹ́yìn mi wà ní SS2. Ó ti ilé ìwé dé lọ́jọ́ kan, ó ní tíṣà físíìsì àwọn sọ pé àtohun tó wúwo àtohun tó fúyẹ́, bákan náà ni gbogbo wọn ń já bọ́, pé òyìnbó kan tiẹ̀ ti fi òòlù àti ìyẹ́ ẹyẹ dán an wò lórí òṣùpá. Mo ní irọ́ ni. Ojoojúmọ́ ni aṣọ ń já bọ́ lórí okùn mi. Èyí tó ṣì tutù á balẹ̀ gbì. Èyí tó ti gbẹ á máa rábàbà káàkiri àgbàlá kó tó kanlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà ní poli wá dá sí i. Ó ní òòfà òṣùpá ló kéré, òun ló jẹ́ kí òòlù àti ìyẹ́ dé pa pọ̀. Ó tún ní ẹni tó bá bọ́ láti inú bàálù ní pílánẹ́ẹ̀tì Máàsì kò nílò páráṣúùtì, torí òòfà ibẹ̀ kò tó ìdajì tiwa, wẹ́rẹ́ ló máa balẹ̀. Ẹ bá wa dá a, ta ló jàre nínú wa?

Ìdáhùn: Àrẹ̀dú o, ìyá wa. Kí aró ó máa mu aṣọ o.

Tíṣà jàre, ẹ̀yin náà jàre. Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n ló kù díẹ̀ káàtó, ṣùgbọ́n àṣìṣe rẹ̀ dára, torí òun gan-an ló máa jẹ́ ká rí ìdí ọ̀rọ̀ yìí.

Nǹkan méjì ló ń ṣiṣẹ́ lára ohunkóhun tó bá ń já bọ́. Ọ̀kan ni òòfà, agbára tí ilẹ̀ fi ń fa nǹkan mọ́ra. Èkejì ni afẹ́fẹ́, tó ń ti nǹkan ọ̀hún padà sókè bó ṣe ń bọ̀. Òòfà nìkan ni tíṣà ń sọ. Ẹ̀yin ń sọ ohun tí ẹ fojú ara yín rí ní àgbàlá, níbi tí òòfà àti afẹ́fẹ́ ti jọ ń fa aṣọ mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n di òòfà mú, ó gbàgbé afẹ́fẹ́ pátápátá.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yọ afẹ́fẹ́ kúrò ná. Kí ló dé tí ohun tó wúwo kò fi ní ṣáájú èyí tó fúyẹ́ kanlẹ̀? Òótọ́ ni pé ilẹ̀ ń fa ohun tó wúwo ju bó ṣe ń fa èyí tó fúyẹ́ lọ. Àmọ́ ohun tó wúwo náà ló ṣòro láti mú gbéra. Ẹ wo ọmọlanke ní ọjà Ìgbọ̀nà. Ọ̀kan gbé àpò sìmẹ́ǹtì kan, ẹnì kan ló ń tì í. Òmíràn gbé àpò mẹ́wàá, èèyàn mẹ́wàá sì pawọ́ pọ̀ tì í. Agbára tó wà lẹ́yìn èkejì jẹ́ ìlọ́po mẹ́wàá, ẹrù orí rẹ̀ náà jẹ́ ìlọ́po mẹ́wàá, nítorí náà eré kan náà ni méjèèjì máa bá gbéra. Bí òòfà ṣe ń ṣe nìyẹn: ó ń fi agbára kún un ní ìwọ̀n tí ẹrù fi pọ̀ sí i, kò sì sí èyí tó máa ṣáájú.

Ní agbègbè wa yìí, òòfà ń fi nǹkan bíi mítà 9.78 kún eré ohun tó ń já bọ́ ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Ohun tí mò ń sọ ni pé lẹ́yìn ìṣẹ́jú-àáyá kan, ohun náà ti ń sáré ní ìwọ̀n mítà 9.78 ní ìṣẹ́jú-àáyá. Lẹ́yìn méjì, ó ti lé ní 19. Ìwé àwọn ọmọ sábà máa ń sọ ọ́ di 10 kí ìṣirò lè yá.

Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti dán èyí wò. Ní 1586, Simon Stevin àti Jan de Groot gbé bọ́ọ̀lù òjé méjì gun ilé gogoro ṣọ́ọ̀ṣì kan ní ìlú Delft, ní Netherlands. Ọ̀kan wúwo ju èkejì lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá. Wọ́n jù wọ́n sílẹ̀ láti nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 30 sórí pákó tí wọ́n tẹ́ sísàlẹ̀, wọ́n ní ariwo kan ṣoṣo ni àwọn gbọ́. Galileo, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Ítálì, ni orúkọ rẹ̀ wá lókìkí jù lórí ọ̀rọ̀ yìí, iṣẹ́ rẹ̀ sì jinlẹ̀ ju tiwọn lọ, ṣùgbọ́n ìtàn pé ó ju bọ́ọ̀lù láti orí ilé gogoro tó tẹ̀ ní Pisa, ọ̀pọ̀ onímọ̀ ìtàn ni kò gbà pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe ṣẹlẹ̀.

Ẹ wá jẹ́ ká dá afẹ́fẹ́ padà o.

Àwa èèyàn máa ń rò pé ibi tí a ò bá ti rí nǹkan, òfìfo ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ká ní káfíńtà kan àpótí kan fún yín, tó ga ní mítà kan, tó gùn ní mítà kan, tó sì fẹ̀ ní mítà kan. Afẹ́fẹ́ Òṣogbo tó wà nínú rẹ̀ á wọ̀n ju kìló kan lọ díẹ̀. Ẹ fi àpótí yìí sọ́kàn, torí a máa gbé e dé àwọn ayé mìíràn láìpẹ́.

Ohun tó bá ń já bọ́ gbọ́dọ̀ ti afẹ́fẹ́ yìí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó tó rí ọ̀nà kọjá. Bí ara ohun náà bá ṣe tẹ́ tó, bí afẹ́fẹ́ bá ṣe ki tó, bí eré bá ṣe pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni ìdíwọ́ ṣe máa pọ̀ tó. Ti eré ló le jù nínú gbogbo rẹ̀. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, ìdíwọ́ afẹ́fẹ́ á di ìlọ́po mẹ́rin. Bí eré bá di ìlọ́po mẹ́ta, ìdíwọ́ á di ìlọ́po mẹ́sàn-án. Ẹni tó bá ti jókòó sẹ́yìn ọ̀kadà tó ń fi eré àsápajúdé lọ sí Ìkìrun ti mọ̀ ọ́n lára, kò nílò tíṣà.

Ẹ wá wo aṣọ yín. Èyí tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣan tán, tó ṣì ń kán omi, omi inú rẹ̀ ti sọ ọ́ di ẹrù, ó sì lẹ̀ mọ́ra wọn, kò tẹ́. Òòfà tó ń fà á pọ̀, àyè tí afẹ́fẹ́ máa rí dì mú lára rẹ̀ kéré. Gbì ló máa dún. Èyí tó ti gbẹ fúyẹ́, ó tún tẹ́ rẹrẹ nígbà tó bá bọ́ lórí okùn, afẹ́fẹ́ rí gbogbo ojú rẹ̀ gbé dúró. Ohun tí ẹ rí nìyẹn, kì í ṣe irọ́, kò sì tako ohun tí tíṣà sọ. Tí ẹ bá ká aṣọ gbígbẹ kan náà jọ, tí ẹ fi okùn dì í le dáadáa, tí ẹ wá jù ú sílẹ̀ láti ibi tó ga tó yín, ẹ ó rí i pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa bá aṣọ tútù dé. Ìwọ̀n rẹ̀ kò yí padà. Ojú tó fi kọ afẹ́fẹ́ nìkan ló dín.

Kí ọmọ náà ṣe èyí tí etí máa gbọ́. Kó wá agolo mílíìkì méjì tó jọra, ọ̀kan tí a ò tíì lu, ọ̀kan tí a ti mu tán. Kó dúró sórí ilẹ̀, kó na méjèèjì síwájú ní ọ̀kánkán àyà, kó jù wọ́n sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Agbára káká ni etí rẹ̀ á fi mọ ìyàtọ̀. Kó wá gun òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, kí ẹ̀gbọ́n dúró sísàlẹ̀ láti rí i pé ẹnikẹ́ni ò gba ibẹ̀ kọjá, kó jù wọ́n láti òkè. Èyí tó kún á ṣáájú, òfìfo á tẹ̀ lé e. Nígbà tí ìrìn wọn kúrú, eré ò tíì pọ̀, afẹ́fẹ́ ò tíì rí ọ̀rọ̀ sọ. Nígbà tí ìrìn gùn, eré pọ̀, afẹ́fẹ́ wá gba ọ̀rọ̀ sọ, agolo tó fúyẹ́ ló sì tètè gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí èyí: níbi tí ìjábọ́ ti kúrú, òòfà ló ń pàṣẹ; níbi tó bá ti gùn, afẹ́fẹ́ ló ń pàṣẹ. Ibẹ̀ ni ẹjọ́ ẹ̀gbọ́n wà.

Bí eré ṣe ń pọ̀ ni ìdíwọ́ afẹ́fẹ́ náà ń pọ̀, títí á fi dọ́gba pẹ̀lú òòfà. Láti ìgbà náà lọ, eré ohun náà kò ní kún mọ́. Ẹ jẹ́ ká pè é ní òpin eré. Ènìyàn tó bọ́ láti inú bàálù, tó dojú bolẹ̀, tó na apá àti ẹsẹ̀, òpin eré rẹ̀ láyé yìí jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 200 ní wákàtí kan. Bó bá ṣí páráṣúùtì, ó lè wá sílẹ̀ sí nǹkan bíi 18. Ẹ̀kán òjò ńlá, òpin eré tirẹ̀ kò ju kìlómítà 32 tàbí bẹ́ẹ̀ lọ. Tí kò bá sí afẹ́fẹ́ rárá, ẹ̀kán òjò tó bọ́ láti ìwọ̀n kìlómítà kan péré lókè á dé orí wa pẹ̀lú eré tó tó kìlómítà 500 ní wákàtí kan. Èmi ò rò pé pánù kankan á kù lórí ilé ní Òṣogbo.

Ó yá, òṣùpá. Ní ọjọ́ 2 Oṣù Kẹjọ 1971, David Scott, ọ̀gá ikọ̀ Apollo 15 tí Amẹ́ríkà rán lọ sí òṣùpá, dúró níwájú kámẹ́rà lórí òṣùpá. Òòlù wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, ìyẹ́ àṣá wà lọ́wọ́ òsì. Òòlù yẹn wọ̀n ju kìló kan lọ dáadáa. Ìyẹ́ yẹn, gíráàmù mélòó kan ni. Ó là ọwọ́ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn méjèèjì sì jọ balẹ̀ sínú eruku. Fídíò rẹ̀ wà níta títí dòní, ọmọ lè wò ó. Tó bá fara balẹ̀ wò ó, á rí i pé wọ́n rọra bọ̀: ìjábọ́ tí kò ní ju ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá kan àti díẹ̀ lọ níbí gbà wọ́n tó ìṣẹ́jú-àáyá kan àti ààbọ̀ tí kò pé.

Ẹ̀gbọ́n ti da nǹkan méjì tó rí nínú fídíò yẹn pọ̀ mọ́ra. Kíkéré òòfà ló jẹ́ kí wọ́n rọra bọ̀. Àìsí afẹ́fẹ́ ló jẹ́ kí wọ́n dé pa pọ̀. Tó bá fẹ́ ẹ̀rí, NASA, àjọ Amẹ́ríkà tó ń rí sí ìrìn-àjò ojú-ọ̀run, ní yàrá ràgàjì kan ní ìpínlẹ̀ Ohio, tí wọ́n ti máa ń fa afẹ́fẹ́ jáde láti dán ọkọ̀ ojú-ọ̀run wò. Wọ́n ti ju bọ́ọ̀lù tí wọ́n fi ń ta bowling àti ìyẹ́ sílẹ̀ láti òkè àjà nínú yàrá yìí, lẹ́yìn tí wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ rẹ̀ tán. Wọ́n jọ balẹ̀ ni. Inú ayé yìí kan náà ni o, òòfà tó ń fa aṣọ yín náà ló fà wọ́n.

Òòfà òṣùpá kò ju ìdá kan nínú mẹ́fà tiwa lọ, mítà 1.62 ló ń fi kún eré ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá fò láti orí àjà ibẹ̀ kò ní mọ̀ ọ́n lára. Ṣùgbọ́n nítorí pé kò sí afẹ́fẹ́, kò sí òpin eré níbẹ̀, eré á kàn máa kún ni. Bí ènìyàn bá já bọ́ láti kìlómítà kan lókè òṣùpá, ó máa lo nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 35 lójú ọ̀nà, á sì kanlẹ̀ pẹ̀lú eré kìlómítà 205 ní wákàtí kan. Ẹ padà wo òpin eré ènìyàn láyé tí mo sọ lókè. Bákan náà ni! Láti kìlómítà mẹ́wàá, ó di nǹkan bíi 650. Páráṣúùtì ò sì lè gbani níbẹ̀, torí kò sí ohun tó máa kún inú rẹ̀. Rọ́kẹ́ẹ̀tì tó ń tu iná sísàlẹ̀ ni àwọn Apollo fi balẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Wàyí o, Máàsì tí ẹ̀gbọ́n fẹ́ bọ́ sí.

Òòfà Máàsì jẹ́ 3.71, ìyẹn ni pé ó lé díẹ̀ ní ìdá kan nínú mẹ́ta tiwa, nítorí náà kò purọ́ pé kò tó ìdajì. Tó bá jẹ́ orí igi máńgòrò ló ti fẹ́ já bọ́, ó jàre pátápátá. Láti mítà márùn-ún níbí, èèyàn á kanlẹ̀ pẹ̀lú eré kìlómítà 36 ní wákàtí kan, tí ẹsẹ̀ lè fi kán. Ní Máàsì, 22 ni. Àmọ́ bàálù ló dárúkọ.

Ẹ gbé àpótí wa dé Máàsì. Afẹ́fẹ́ tó máa kún inú rẹ̀ níbẹ̀ kò ju nǹkan bíi gíráàmù 20 lọ. Òòfà dín sí ìdá kan nínú mẹ́ta, kò burú. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ dín sí nǹkan bí ìdá kan nínú 60. Ọwọ́ tó yẹ kó dáni dúró ti rọ ju ọwọ́ tó ń fani lọ. Bí mo ṣe ṣírò ó, òpin eré ènìyàn ní Máàsì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po márùn-ún ti ayé wa. Kì í tètè débẹ̀, torí òòfà tó kéré máa ń pẹ́ kó tó kó eré jọ. Láti ilẹ̀ dé nǹkan bíi mítà 400 sókè, ẹni tó já bọ́ ní Máàsì ṣì sàn ju ẹni tó já bọ́ níbí lọ. Tó bá ti kọjá ibẹ̀, ọ̀rọ̀ yí padà. Láti kìlómítà mẹ́ta lókè, níbi tí àwọn tó ń fi páráṣúùtì ṣeré sábà máa ń ti bọ́, ẹni tiwa á kanlẹ̀ pẹ̀lú eré 200. Ẹni ti Máàsì á kanlẹ̀ pẹ̀lú nǹkan bíi 500.

Kódà bó bá ní páráṣúùtì lẹ́yìn, irú èyí tí wọ́n ń lò níbí, á kanlẹ̀ pẹ̀lú eré tó ju kìlómítà 80 lọ ní wákàtí kan. Ẹni tó já bọ́ láti orí ilé alájà mẹ́wàá láyé ló ń bá irú eré bẹ́ẹ̀ kanlẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n lè ní ìṣirò lásán ni mò ń ṣe. Kó wo bí wọ́n ṣe gbé ọkọ̀ Perseverance balẹ̀ síbẹ̀ ní 18 Oṣù Kejì 2021. Ọkọ̀ yìí ju kìló 1,000 lọ. Nígbà tó wọ afẹ́fẹ́ Máàsì, eré rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 19,500 ní wákàtí kan. Apata tó ń dènà ooru ló kọ́kọ́ fi àyà gba afẹ́fẹ́, ó sì pọ́n bí irin inú ẹwìrì, títí eré fi wálẹ̀ sí nǹkan bíi 1,500. Ìgbà yẹn ni páráṣúùtì ṣí. Páráṣúùtì yìí fẹ̀ ní mítà 21.5 láti etí dé etí, ó fẹ̀ ju ọ̀pọ̀ ilé lọ, síbẹ̀ gbogbo ohun tó rí ṣe ni pé ó dín eré kù sí nǹkan bíi 320 ní wákàtí kan. Ọkọ̀ tó bá fi 320 kanlẹ̀, kí ni wọ́n máa rí kó níbẹ̀? Wọ́n ní láti já páráṣúùtì sọ nù, kí rọ́kẹ́ẹ̀tì mẹ́jọ gba iṣẹ́, kí wọ́n wá fi okùn rọra sọ ọkọ̀ náà kalẹ̀ bí ìgbà tí a ń sọ korobá sínú kànga. Gbogbo rẹ̀, láti ìgbà tó kan afẹ́fẹ́ títí tó fi balẹ̀, nǹkan bí ìṣẹ́jú méje ni.

Èmi a máa sọ pé Máàsì ni ibi tó burú jù láti já bọ́ sí nínú àwọn ibi tó ní ilẹ̀. Afẹ́fẹ́ rẹ̀ ki tó láti jó ọkọ̀, kò ki tó láti dá ọkọ̀ dúró. Ìyà méjèèjì ló kó pọ̀.

Àgùàlà, pílánẹ́ẹ̀tì tí òyìnbó ń pè ní Venus, ló yàtọ̀ pátápátá, ìràwọ̀ ńlá tí ẹ máa ń rí lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́ tàbí ní ìdájí yẹn. Òòfà ibẹ̀, 8.87, kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí tiwa. Ẹni tó bá ń fi òòfà nìkan ṣèrò, bíi ti ẹ̀gbọ́n, á ní bí ènìyàn ṣe ń kú láyé tó bá bọ́ láti inú bàálù náà ló máa kú níbẹ̀. Ẹ gbé àpótí lọ. Afẹ́fẹ́ Àgùàlà tó máa kún inú rẹ̀ nítòsí ilẹ̀ wọ̀n tó kìló 65. Ó ju odindi àpò sìmẹ́ǹtì kan lọ! Nínú irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀, òpin eré ènìyàn kò ju kìlómítà 26 ní wákàtí kan lọ, ìyẹn eré ẹni tó fò láti orí ògiri tó ga tó mítà mẹ́ta tí kò pé. Láìsí páráṣúùtì o. Orúnkún lè dun ẹni náà ni.

Àwọn ará Rọ́ṣíà rí èyí lójú. Ọkọ̀ wọn tó ń jẹ́ Venera 7 balẹ̀ sí Àgùàlà ní 15 Oṣù Kejìlá 1970. Páráṣúùtì rẹ̀ bàjẹ́ lójú ọ̀nà, ó sì já bọ́ pẹ̀lú eré nǹkan bíi kìlómítà 60 ní wákàtí kan, síbẹ̀ ó ṣì ń fọhùn láti orí ilẹ̀ fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú. Òun ni ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó fi ìròyìn ránṣẹ́ láti orí ilẹ̀ pílánẹ́ẹ̀tì mìíràn. Nígbà tó fi máa di Venera 13, ní 1 Oṣù Kẹta 1982, wọ́n ti gbọ́n sí i: wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ já páráṣúùtì sọ nù nígbà tí ọkọ̀ ṣì ga tó nǹkan bíi kìlómítà 50. Abọ́ irin pẹrẹsẹ kan tó yí ọkọ̀ ká nìkan ló bá a dìde kọ afẹ́fẹ́, eré tó sì fi balẹ̀ kò tó kìlómítà 30. Ó ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú 127 kí ooru tó pa á, torí ooru ibẹ̀ ju 450 lọ ní ìwọ̀n Celsius, ó tó láti yọ́ òjé. Àdìrẹ yín tó gbẹ á rábàbà níbẹ̀ ju bó ṣe ń rábàbà ní Òṣogbo lọ, àmọ́ yóò di èédú kó tó dé ilẹ̀. Iná kọ́ o, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kì í gbé iná. Ooru lásán ni.

Bẹ́ẹ̀ ni ẹ ṣe máa wá bá ọ̀rọ̀ tó ń ya àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu jù. Titan, òṣùpá tó tóbi jù lára àwọn òṣùpá Sátọ̀nù, òòfà rẹ̀ kéré ju ti òṣùpá wa pàápàá lọ, 1.35 péré. Afẹ́fẹ́ rẹ̀ ki ju tiwa lọ, àpótí á gba ju kìló márùn-ún lọ. Ẹni tó bọ́ láti òkè níbẹ̀ á kanlẹ̀ pẹ̀lú eré nǹkan bíi 35 ní wákàtí kan. Ó ju ti Àgùàlà lọ! Òòfà Àgùàlà ju ti Titan lọ ní ìlọ́po mẹ́fà àti ààbọ̀, síbẹ̀ ní Àgùàlà ni ìjábọ́ ti rọrùn jù, torí afẹ́fẹ́. Nígbà tí wọ́n rán ọkọ̀ Huygens lọ sí Titan ní 14 Oṣù Kìíní 2005, ó fi nǹkan bíi wákàtí méjì àti ààbọ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí páráṣúùtì, wẹ́rẹ́ ló sì balẹ̀, láìsí rọ́kẹ́ẹ̀tì kankan. Ohun tí ẹ̀gbọ́n rò pé Máàsì jẹ́, Titan ló jẹ́ ẹ.

Júpítà kò ní ilẹ̀ tí èèyàn máa kàn, nítorí náà mi ò ní pẹ́ níbẹ̀: ọkọ̀ kékeré tí wọ́n jù sínú rẹ̀ ní Oṣù Kejìlá 1995 ń já bọ́, ó sì ń fọhùn fún bíi wákàtí kan, kí ooru àti ìtẹ̀mọ́lẹ̀ afẹ́fẹ́ tó pa á lẹ́nu mọ́.

Ó ku ibi kan tí òòfà àti afẹ́fẹ́ jọ fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí. Ní 12 Oṣù Kọkànlá 2014, ọkọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Philae balẹ̀ sórí ìràwọ̀ onírù kan. Wákàtí méje ló fi já bọ́, ó sì kanlẹ̀ bí ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn, nǹkan bíi mítà kan ní ìṣẹ́jú-àáyá. Ohun tó yẹ kó fi gún ilẹ̀ mú ara rẹ̀ dúró kò ṣiṣẹ́, ni ó bá ta padà sókè. Ó tó nǹkan bíi wákàtí méjì kó tó tún kan ilẹ̀.

Ìyá wa, mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí ọmọ gbé ọ̀rọ̀ aṣọ wọ gbọ̀ngàn ìdánwò. Ìbéèrè WAEC sábà máa ń sọ pé kí wọ́n fi ti afẹ́fẹ́ sílẹ̀, kí wọ́n sì lo 10 fún òòfà. Tí wọ́n bá ti sọ bẹ́ẹ̀, inú yàrá Ohio yẹn ni ó wà, agolo tó kún àti òfìfo á dé pa pọ̀. Tí ìbéèrè bá dárúkọ páráṣúùtì, tàbí tó ní eré ohun náà kò kún mọ́, afẹ́fẹ́ ti wọ̀ ọ́ nìyẹn, kó kọ ọ́ síbẹ̀ pé òòfà àti ìdíwọ́ afẹ́fẹ́ ti dọ́gba.

Ẹ̀gbọ́n tó wà ní poli náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Kó fi òòfà tiwa pín òòfà ayé mìíràn, kó fi èsì rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Kó fi ìwọ̀n àpótí afẹ́fẹ́ tiwa, 1.2, pín ìwọ̀n ti ibẹ̀. Kó pín èsì àkọ́kọ́ sí ọ̀nà èsì kejì, kó wá tẹ square root rẹ̀ lórí kàkúlétọ̀. Iye tó bá rí ni òpin eré ibẹ̀ fi jẹ́ ìlọ́po tiwa. Tí ti Àgùàlà bá fún un ní nǹkan bíi 0.13, tí ti Máàsì sì fún un ní nǹkan tó ń sún mọ́ 5, ó ti gbà á.